Camelia Ará Texas: Kí Gan-an Ni Orin Fàyàwọ́ Àwọn Mẹ́síkò Yìí Ń Sọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé físà ẹgbẹ́ olórin Mẹ́síkò kan tó ń jẹ́ Los Alegres del Barranco. Ohun tó fà á ni pé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, níbi tí wọ́n ti ń kọrin ní Zapopan, lẹ́bàá ìlú Guadalajara, àwòrán El Mencho yọ gàǹgà lójú pátákó iná ẹ̀yìn wọn. El Mencho yìí ni olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò oògùn olóró tí apá ìjọba ò ká ní Mẹ́síkò nígbà náà. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de gbogbo orin tó bá ti dárúkọ oògùn olóró. Àwọn kejì ní tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n máa sin orin tí àwọn òbí àti òbí àgbà ti ń jó láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn mọ́ ọn.

Orin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè fò kọjá tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni Contrabando y traición, ìyẹn fàyàwọ́ àti ìdalẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìgboro kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀. Camelia la Tejana, Camelia ará Texas, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gbọ́ èdè Sípéènì, tó kàn ka orúkọ orin náà nínú ìròyìn, gbà pé orin ìyìn fún àwọn tó ń gbé igbó kọjá bọ́dà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, igbó inú orin náà kò ju ẹrù inú ọkọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà, tí kálukú sì ní ohun tó pe ìrìn àjò náà lọ́kàn ara rẹ̀.

## Kí ni wọ́n ń pè ní corrido?

Corrido ni orin ìtàn àwọn ará Mẹ́síkò. Olórin á mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, ohun tí wọ́n sọ síra wọn, ẹni tó kú, ẹni tó sá lọ. Ẹsẹ rẹ̀ máa ń kúrú, ìlà kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní sílébù mẹ́jọ. Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kọ ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, torí náà ẹni tó bá ń retí ègbè tó dùn tàbí ìlù tó ń yí padà lè rò pé orin náà ò lọ síbì kan. Ìtàn ló yẹ kó fetí sí.

Nígbà ogun àyípadà tó jà ní Mẹ́síkò láti 1910 dé nǹkan bí 1920, ọ̀pọ̀ ará ìgbèríko ni kò mọ̀wé kà, ìwé ìròyìn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Corrido ló ń sọ fún wọn pé Pancho Villa, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun náà, ti gba ìlú báyìí-báyìí, pé wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀gágun lágbájá. Ìdí nìyẹn tí corrido àtijọ́ fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ìlú, bí ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá ń jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù, tó sì máa ń parí pẹ̀lú ìdágbére látẹnu olórin.

Orúkọ méjì míì wà tó yẹ kéèyàn mọ̀. Norteño ni orin àwọn ará àríwá Mẹ́síkò àti gúúsù Texas. Àkọ́díọ̀nù ló ń ṣáájú nínú rẹ̀, ohun èlò tí àwọn aṣíkiri láti Jámánì àti àgbègbè rẹ̀ gbé wá síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú gìtá olókùn méjìlá tí wọ́n ń pè ní bajo sexto. Narcocorrido sì ni corrido tó bá dá lórí òwò oògùn olóró. Gbogbo narcocorrido ni corrido, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú corrido kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú oògùn.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú orin náà?

Ọkùnrin kan, Emilio Varela, àti obìnrin kan, Camelia, gbéra láti Tijuana ní Mẹ́síkò, wọ́n gba San Ysidro wọ California. Igbó ni wọ́n rọ kún inú táyà ọkọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé San Clemente, àwọn ìmígíréṣọ̀n dá wọn dúró, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wọn wá, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá. Olórin bá wa dáhùn fún obìnrin náà: ará San Antonio ni, obìnrin tó láyà.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn dúró díẹ̀, tí olórin wá kọjú sí àwa tó ń gbọ́ ọ. Ó ní obìnrin tó bá fẹ́ràn ọkùnrin lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kéèyàn ṣọ́ra tí inú obìnrin náà bá lọ gbọgbẹ́. Ó fi kún un pé fàyàwọ́ àti ìdalẹ̀ kò lè jọ gbé. Nínú gbogbo orin náà, ibí yìí nìkan ni olórin ti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

Wọ́n dé Los Angeles, wọ́n kọjá sí Hollywood. Nínú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kó igbó lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́, wọ́n sì gbowó wọn lójú ẹsẹ̀. Emilio wá yíjú sí Camelia. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ parí lónìí, kó máa mú ìpín rẹ̀ lọ, owó náà tó o fi bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Òun ń lọ sí San Francisco ní tòun, lọ́dọ̀ obìnrin tó ni ọkàn òun.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀méje. Camelia ti pa Emilio. Ìbọn tí wọ́n jù sílẹ̀ nìkan ni ọlọ́pàá bá níbẹ̀. Ní ti owó àti Camelia, ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́.

Ó tán. Ẹ wo ohun tí olórin kò sọ: kò sọ ọdún, kò sọ iye owó, kò dárúkọ ẹni tó ra ẹrù, kò dárúkọ obìnrin San Francisco. Èyí tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Camelia kò la ẹnu sọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Emilio sọ̀rọ̀, ìmígíréṣọ̀n sọ̀rọ̀, olórin gbani nímọ̀ràn. Ìbọn nìkan ni Camelia fi fèsì.

## Kí ló dé tó jẹ́ San Clemente ni wọ́n ti dá wọn dúró?

Ẹni tó bá wo máàpù á rí i pé ọ̀rọ̀ yìí rú lójú díẹ̀. San Ysidro ni ẹnubodè wà. San Clemente wà ní àríwá rẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí ni ìmígíréṣọ̀n ń wá níbẹ̀?

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ibùdó àyẹ̀wò kejì lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Los Angeles, nítòsí San Clemente. Ẹni tó bá ráyè kọjá ní bọ́dà gangan lè kó sí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibùdó yìí tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó dájọ́ ní 1976 pé àwọn òṣìṣẹ́ lè dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ kí wọ́n bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ ní ìfura kankan sí i. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí láìní ìwé mọ̀ pé ibẹ̀ ni àyà ti ń já. Torí náà, bí olórin ṣe fi ìlà kan péré kọjá lórí bọ́dà, tó wá lọ dúró ní San Clemente, àwọn tí wọ́n kọ orin náà fún mọ ohun tó ń sọ, kò nílò àlàyé fún wọn.

Ìdí tí ìlú Camelia fi ṣe pàtàkì náà nìyẹn. San Antonio jẹ́ ìlú ní Texas. Ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni lábẹ́ òfin. Olórin kò sọ ìdáhùn tí Emilio fún wọn, tàbí bóyá ó tilẹ̀ níwèé. Ohun tó dá mi lójú ni pé láìsí Camelia lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè yẹn ì bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ọkùnrin tó lé Camelia dànù ní Hollywood ti fi ìlú ìbí obìnrin náà kọjá ní San Clemente.

(Ẹ jẹ́ n sọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: San Clemente yìí kan náà ni ààrẹ Richard Nixon ní ilé sí etíkun, òun tó kéde ní 1971 pé oògùn olóró ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún Amẹ́ríkà. Nígbà tó fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, ibẹ̀ ló padà sí. Mi ò sọ pé ẹni tó kọ orin ní èyí lọ́kàn o.)

## Ta ló dalẹ̀?

Ibí yìí ni orin náà ti ń da àwọn tó ń gbọ́ ọ láàmú, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn jù.

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni pé Emilio ni. Ó bá obìnrin jìyà ọ̀nà, ó jẹ́ kó fi ara rẹ̀ wewu, ó wá lọ bá obìnrin míì nígbà tí owó délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Emilio kò jí owó Camelia. Ó fún un ní ìpín rẹ̀ pé pérépéré, ó sì sọ òótọ́ fún un lójú. Nínú òwò tí wọ́n jọ ṣe, kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé òwò nìkan ló wà láàárín wọn, Emilio ni olóòótọ́ nínú ìtàn yìí, Camelia sì ni apànìyàn tó tún gbé ìpín ẹlòmíràn sá lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Camelia ò mọ̀ pé òwò nìkan ni. Olórin ti sọ ọ́ fún wa láti àárín orin, kí ó tó dé Hollywood: obìnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin lè kú fún un. Ohun tó gbé e wọ inú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kún fún igbó nìyẹn. Emilio kà á sí alábàáṣiṣẹ́, Camelia ka Emilio sí ọkọ. Gbólóhùn tó sọ pé kó lọ fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn ló já irọ́ náà fún un. Ó ti rò pé ayé tí òun ń bá a kọ́ ni òun ń gbé lójú ọ̀nà yẹn.

Kí wá ni olórin ń wí nígbà tó ní fàyàwọ́ àti ìdalẹ̀ kò lè jọ gbé? Mo rò pé ọ̀rọ̀ òwò gan-an ni. Nínú òwò tó bófin mu, tí ẹnì kejì bá rẹ́ ọ jẹ, o lè pè é lẹ́jọ́, o lè mú ẹlẹ́rìí wá, o lè fi ìwé àdéhùn hàn. Onífàyàwọ́ kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Kò lè wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ pé wọ́n gba igbó mi. Ìgbẹ́kẹ̀lé lásán ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, bó bá sì ti já, ìbọn ló kù tí wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀. Emilio fi ìfẹ́ ṣe okùn tó fi di òwò rẹ̀. Nígbà tó tú okùn náà, ó rò pé òwò náà ti parí, kò sí ewu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Síbẹ̀, owó tí Camelia kó lọ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ́ kedere. Ṣé ọgbẹ́ ọkàn ló fi yìnbọn, àbí ó ti ń wojú owó náà láti Tijuana? Ìbọn méje pọ̀ jù fún ẹni tó kàn fẹ́ jalè, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí orí rẹ̀ ti gbóná kì í sábà rántí kó owó. Orin náà gbé méjèèjì síwájú wa, ó sì dákẹ́. Mo ti gbọ́ àlàyé àwọn tó ní ó dá wọn lójú pé ìfẹ́ ni, mo sì ti gbọ́ ti àwọn tó ní owó ni. Tí wọ́n bá fi dandan mú mi, ìfẹ́ ni n ó sọ, torí ẹsẹ ìmọ̀ràn yẹn. Ṣùgbọ́n kò tó o fi búra.

## Kí ló jẹ́ tuntun nípa Camelia?

Àwọn obìnrin ti wà nínú corrido tipẹ́. Ipò wọn ni kò dára. Nínú èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Rosita Alvírez kọ̀ láti bá Hipólito jó ní òde ijó, Hipólito sì yìnbọn pa á. Àwọn míì jẹ́ obìnrin tó bá ọmọ ogun rìn, tó sì ń retí ọkùnrin rẹ̀. Obìnrin a máa kú, tàbí kó máa sunkún, tàbí kó jẹ́ ohun tí ọkùnrin méjì ń jà lé lórí.

Camelia gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin. Òun ló pa, òun ló bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, olórin kò sì fi ìyà kankan jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Fún àwọn tó ń gbọ́ orin ní Mẹ́síkò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Ìwé ìtàn tí òǹkọ̀wé ọmọ Sípéènì, Arturo Pérez-Reverte, gbé jáde ní 2002, La Reina del Sur, tí wọ́n wá fi ṣe eré tẹlifíṣàn lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà tí Camelia là: obìnrin ará ìpínlẹ̀ Sinaloa ní Mẹ́síkò ló di ọ̀gá nínú òwò oògùn olóró níbẹ̀.

## Ta ló kọ ọ́, ta ló sọ ọ́ di ńlá?

Ángel González, ọmọ ìpínlẹ̀ Chihuahua, ló kọ orin náà. Ìtàn àròsọ ni. Kò sí Emilio Varela kankan tí ọlọ́pàá bá nílẹ̀ ní Hollywood, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ti jáde lẹ́yìn ìgbà náà tí wọ́n ní àwọn ni Camelia gidi. Olórin mìíràn ti kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, kò lókìkí. Los Tigres del Norte ló gbé e dé ibi tó dé, nígbà tí wọ́n fi ṣe àkọlé àwo orin wọn ní 1974.

Ìtàn ẹgbẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ìtàn bọ́dà ni. Àwọn ọmọ ìyá kan ni, ìdílé Hernández, pẹ̀lú ìbátan wọn, láti abúlé Rosa Morada ní ìpínlẹ̀ Sinaloa. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọjá sí California ní 1968 láti lọ kọrin. Wọ́n máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kan ló fi ẹ̀rín pè wọ́n ní ọmọ ẹkùn, pé ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Wọ́n fìdí kalẹ̀ sí San Jose, ilé-iṣẹ́ àwo orin kékeré kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fama ló gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó ń ra àwo wọn ni àwọn tó ń ká èso lóko, tó ń fọ àwo nílé oúnjẹ, tó ń kọ́lé fún ẹlòmíràn ní California, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn sì mọ San Ysidro àti San Clemente dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ orin púpọ̀ nípa ìyà àwọn tí kò níwèé. Ẹni tó bá ń pè wọ́n ní olórin oògùn olóró lásán kò tíì gbọ́ ìdajì orin wọn.

## Kí ló dé tí wọn kì í ka onífàyàwọ́ sí ọ̀daràn?

A ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. California àti púpọ̀ nínú ohun tó di ìwọ̀ oòrùn gúúsù Amẹ́ríkà lónìí jẹ́ ilẹ̀ Mẹ́síkò rí. Lẹ́yìn ogun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jà, àdéhùn ọdún 1848 gbà wọ́n lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Odò Rio Grande tí àwọn ẹbí ń sọdá láàárọ̀ lọ kí ara wọn di ààlà orílẹ̀-èdè. Ẹran, aṣọ, ọtí tí wọ́n ti ń gbé kọjá tẹ́lẹ̀ di ẹrù òfin. Òfin kan tí ẹlòmíràn ṣe ló sọ wọ́n di onífàyàwọ́, wọn ò sì rí ìdí tí àwọn fi gbọ́dọ̀ tijú.

Torí náà ni corrido ti ń ṣe ìtàn onífàyàwọ́ tipẹ́tipẹ́ kí igbó tó dé. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí láti 1920 sí 1933, orin pọ̀ nípa àwọn tó ń gbé ọtí tequila sọdá odò lóru, tí àwọn ọlọ́pàá Texas ń dènà dè wọ́n. Akọni kan tún wà ṣáájú wọn: Gregorio Cortez, àgbẹ̀ ọmọ Mẹ́síkò ní Texas, tó yìnbọn pa ọ̀gá ọlọ́pàá ní 1901 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lu arákùnrin rẹ̀, nítorí àṣìgbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń lépa rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nínú orin, òun ló wà lórí òtítọ́.

Ohun tí orin Camelia jogún nìyẹn: ẹni tó bá borí ìmígíréṣọ̀n kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn lójú olùgbọ́. Ṣùgbọ́n kò yìn ín náà. Kò sí ilé aláràńbarà nínú rẹ̀, kò sí ọkọ̀ olówó ńlá, kò sí ẹni tó ń fi ọ̀tá ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú àwọn méjì tó ṣe òwò náà, ọ̀kan kú ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, èkejì di ìsáǹsá.

## Nígbà wo ni ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún orin?

Bí Camelia ṣe tà, gbogbo ẹgbẹ́ norteño ló ń wá fàyàwọ́ tirẹ̀ kọ. Òwò náà fúnra rẹ̀ sì ń yí padà. Kokéènì láti Kòlóńbíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba Mẹ́síkò kọjá, owó pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Láàárín àwọn ọdún 1980, Chalino Sánchez, ọmọ Sinaloa tó ń gbé ní Los Angeles, ń kọ corrido fún ẹni tó bá sanwó. Ẹ̀yin tó ti lọ sí òde àríyá rí, tí ẹ rí bí olówó ṣe ń ná owó mọ́ olórin níwájú kó lè ki òun àti baba òun, ẹ ti mọ bí ó ṣe rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà yìí lè ní ọ̀tá tó ń gbọ́ orin náà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Wọ́n pa Chalino ní Culiacán ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, lẹ́yìn tó kọrin tán. Ní 2006, wọ́n yìnbọn pa Valentín Elizalde ní Reynosa lẹ́yìn agbo orin tirẹ̀ náà.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà, kò sì yẹ kí ó ṣòro láti rí. Camelia jẹ́ ẹni àròsọ, kò sí ẹni tó sanwó kí wọ́n kọ ọ́, orin rẹ̀ kò sì kéde ẹgbẹ́ kankan. Èyí tí wọ́n ń jà lé lórí lónìí dárúkọ ẹni tó wà láàyè, ó dárúkọ ìlú tó ń ṣàkóso, nígbà míì pẹ̀lú irú ìbọn tó ń gbé. Oríkì ni, àwọn tí ẹni náà ti ṣe léṣe sì ń gbọ́ ọ. Mi ò rí ohun tó burú nínú kí ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Jalisco, ìpínlẹ̀ tí Guadalajara wà, bínú nígbà tó rí àwòrán El Mencho lójú pátákó iná. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n má gbé Camelia mọ́ wọn.

## Ṣé fífòfin dè é ṣiṣẹ́?

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2011, gómìnà Sinaloa pàṣẹ pé ilé ọtí tó bá ń lo narcocorrido máa pàdánù ìwé àṣẹ títa ọtí. Ní 2012, ìlú Chihuahua fòfin de Los Tigres del Norte fúnra wọn nítorí wọ́n kọ orin La Reina del Sur níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú Tijuana, ìlú tí Emilio àti Camelia ti gbéra, fòfin de narcocorrido ní gbangba. Ọdún 2023 yẹn kan náà ni Peso Pluma, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ irú orin yìí ní ọ̀nà ìgbàlódé, di ẹni tí gbogbo ayé ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ ìlú kò lè dé orí fóònù ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ní Texcoco lẹ́bàá olú ìlú, olórin Luis R. Conriquez sọ fún àwọn èrò pé òun ò ní kọ narcocorrido lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí òfin. Wọ́n ya bo orí ìtàgé, wọ́n sì fọ́ ohun èlò orin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ààrẹ Mẹ́síkò, Claudia Sheinbaum, ní òun ò fara mọ́ fífòfin dè é. Ìjọba rẹ̀ gbé ìdíje orin kalẹ̀ dípò rẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ tó máa kọ orin tí kò gbé ìwà ipá lárugẹ. Bí ìyẹn bá ṣe rí, a ó máa wò ó.

## Níbo ni Camelia wà báyìí?

Orin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ò gbà. Orin ìtẹ̀síwájú jáde tó ní wọ́n ti rí Camelia, òmíràn tún jáde nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ṣe fíìmù rẹ̀ ní 1977. Gabriela Ortiz, ọmọ Mẹ́síkò tó ń kọ orin àwọn onímọ̀, fi í ṣe odidi ópẹ́rà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2008, èyí tó dá lórí bí ìwé ìròyìn àti àhesọ ṣe ń bí Camelia tuntun lójoojúmọ́. Eré tẹlifíṣàn tirẹ̀ jáde ní 2014. Los Tigres del Norte ṣì ń kọ orin náà, àwọn èrò sì ń bá wọn kọ ọ́ láti ìlà àkọ́kọ́.

Ẹrù inú táyà náà ló ti pàdánù ewu rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2018, ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ lè ta igbó fún àgbàlagbà ní California, ní Hollywood níbẹ̀ náà, èèyàn á sì gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n gbígbé e gba San Ysidro wọlé ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.